Ìdíhò Kì í Ṣe Ìdínà: Èrò lórí Èdè-Ìperí fún Ìṣòro Àtẹ̀lé Ìpààrọ̀ Ilẹ̀kùn Ọkàn

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni ó ti hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù lọ kì í ṣe èyí tí kò ní ẹgbẹ́ nínú èdè náà rárá. Èyí tí ó ṣòro jù ni èyí tí ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe “dí” jẹ́ àpẹẹrẹ kan, pàápàá nínú ìtumọ̀ ìwé tí ó jẹ mọ́ pípààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn láìla àyà.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ilẹ̀kùn yìí lè le gbagidi, kí ó má ṣí dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2002, ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, Alain Cribier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ilẹ̀kùn tuntun bẹ́ẹ̀ sí ọkàn ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láìla àyà rẹ̀. Inú iṣan ni wọ́n gbé e gbà. Lóde òní, iṣan àlọ tí ó wà ní òkè itan ni wọ́n sábà máa ń lu, tí wọ́n á sì ti kátítà gba ibẹ̀ dé ọkàn. Ihò inú ọ̀pá tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8; ti àwọn tuntun kan kò tó mìlímítà 5. Síbẹ̀, ojú ihò tí èyí ń dá sára iṣan ju ohun tí fífi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìkan lè káwọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi okùn rán an, tàbí kí wọ́n fi èdídí dí i.

Kí ni orúkọ iṣẹ́ ìkẹyìn yìí? Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu atúmọ̀ èdè ni “dídí iṣan”. Àpólà yìí ní ju ìtumọ̀ kan lọ, nítorí pé “dí” lè gba àbọ̀, ó sì lè dúró láìgba àbọ̀. “Wọ́n dí ihò” tọ̀nà. “Imú rẹ̀ dí” náà tọ̀nà. Bí àpètúnpè ẹlẹ́bẹ bá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyàtọ̀ náà pòórá: “dídí iṣan” lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, ó sì lè jẹ́ àìsàn. Kódà bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ dókítà, iṣan ni àpólà náà ní wọ́n dí, kì í ṣe ojú ihò ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba inú iṣan náà lọ sí ẹsẹ̀. Bí iṣan bá dí ní tòótọ́, ẹsẹ̀ wà nínú ewu.

“Ìdí iṣan” kò sàn jù ú lọ. “Ìdí” ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú èdè: ó ń tọ́ka sí okùnfà, sí ìsàlẹ̀ nǹkan, àti sí ibi tí ènìyàn fi ń jókòó. Nínú ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa òkè itan, yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nínú ìwádìí CHOICE-CLOSURE tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, wọ́n pín aláìsàn 516 sí ọ̀nà méjì. Ìṣòro iṣan ibi tí wọ́n gbà wọlé bá ìdá 19.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lo èdídí fún, ó sì bá ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lo okùn fún. Lára irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí ó kó jọ sábẹ́ awọ, kí ògiri iṣan ya, tàbí kí iṣan dí. Atúmọ̀ èdè tí ó bá di “dídí iṣan” mú yóò wá kọ ọ́ pé dídí iṣan lè fa dídí iṣan.

Èyí tí ó yẹ ni “ìdíhò”: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “ì-”, ọ̀rọ̀-ìṣe “dí”, àti àbọ̀ rẹ̀, “ihò”. Nítorí pé àbọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, “ìdíhò iṣan” kò lè túmọ̀ sí pé iṣan fúnra rẹ̀ dí. Kí “ìdínà ẹ̀jẹ̀” dúró fún àìsàn. Kí “ìkùnà ìdíhò” jẹ́ ti ìgbà tí okùn tàbí èdídí kò ṣiṣẹ́. Ní ti ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, “ìṣòro àtẹ̀lé” ni ó tọ́. “Àṣìṣe” ti dá ẹnì kan lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà fi ń kàwé, àti pé kò sí ohun tí èyí kàn wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá ka ìwé náà sí ìyá àgbà létí ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó gbọ́ pé wọn yóò dí iṣan òun, ó lè kọ iṣẹ́ tí ì bá gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó sì lè gbà á láìmọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀kankan nínú méjèèjì kì í ṣe ìyọ̀ǹda.