Ẹnu Kèrègbè Ló Kéré
Ìwé-pẹlẹbẹ fún gbogbo ẹni tó ń sọ pé àgbà kò lè mọ ẹ̀rọ lò

"Màmá, ẹ fi í lẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n." Kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, sí ìyá tó bí mi lọ́mọ, nínú pálọ̀ rẹ̀, ojú sì ń tì mí títí di òní.

Owó ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ó tẹ kóòdù báńkì, fóònù sì ní kó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó fẹ́ sanwó fún. Nọ́ńbà mẹ́wàá, inú ìwé kékeré kan ló kọ ọ́ sí. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó rí i lórí Bíbélì, ó fi etí ìró nù ún, ó ṣí ìwé. Kó tó tẹ nọ́ńbà kẹfà, fóònù ti ní àkókò tán. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni mo la ẹnu burúkú mi. Ó wò mí, ó ní, "Nínú èmi àti fóònù yìí, ta ni ẹ̀mí ẹ̀ kò gùn?"

Obìnrin tí mò ń sọ yìí ta aṣọ ní ọjà Gbági fún ọgbọ̀n ọdún, orí ló fi ń pa gbèsè gbogbo oníbàárà mọ́. Orí yẹn náà ni mo ní kò lè gba nọ́ńbà mẹ́wàá.

Ẹnì kan ló jókòó níbì kan, tó pinnu iye ìṣẹ́jú-àáyá tó yẹ kí èèyàn fi tẹ nọ́ńbà. Ó dá mi lójú pé ẹni náà kì í wá awò ojú kó tó kàwé.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí tó ní ọpọlọ àgbà ló ti dòkú, tàbí pé kí wọ́n fi àgbà sí kíláàsì kó lọ kọ́ kèrègbè. Ọwọ́ tóbi, ẹnu kèrègbè kéré, ó parí. Àfi tó bá di ọ̀rọ̀ fóònù, tá a máa gbàgbé kèrègbè pátápátá, tá a máa wá yẹ orí àgbà wò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ kèrègbè yìí, ìyẹn fóònù, wò díẹ̀, ká fi ojú tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹyinjú wa, ohun kan wà bíi dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń le, ó sì ń pọ́n rúsúrúsú, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé náà sì ń kéré sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni 60 ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni 20 ọdún lọ. Ọmọ 25 ọdún tó ń ṣe ètò fóònù á wá fi lẹ́tà tó dà bí eérú sórí funfun, á ní ó rẹwà.

Ti ìka ló ń dùn mí jù. Ojú fóònù ńlá kò mọ bí èèyàn ṣe tẹ ẹ́ le tó. Bí ara ìka ṣe ń fa iná táṣẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀ ló ń mọ̀. Awọ tó bá gbẹ kì í fà á dáadáa, awọ àgbà sì máa ń gbẹ. Màmá á fọwọ́ kàn án, fóònù ò ní jẹ́. Á wá tẹ̀ ẹ́ le, á tẹ̀ ẹ́ pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá dá lóhùn ṣe máa ń tún ilẹ̀kùn kàn. Fóònù á rò pé nǹkan mìíràn ló fẹ́, á ní ṣé kí òun pa á rẹ́ ni. Àwọn ọmọ á pariwo: "Màmá ti bà á jẹ́!"

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọpọlọ kì í darúgbó. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, kíkọ́ ohun tuntun máa ń gba àkókò, mímú nǹkan mẹ́ta mẹ́rin sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà sì máa ń ṣòro. Àmọ́ ẹni tó rọra rìn dé Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ náà ló dé.

Ní 2013, WhatsApp fi ohùn kún ọ̀rọ̀ tá à ń fi ránṣẹ́. Ta ló kọ́ àwọn ìyá wa? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n yọwọ́, ọ̀rọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Títẹ̀ pẹ́ tó ń ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn, òun gan-an ni ibẹ̀ ń fẹ́. Orí tá a ní kò gba ẹ̀rọ ló ń fi ohùn oníṣẹ́jú méje méje bá wa wí láàárọ̀ kùtùkùtù.

Tí ẹ bá tún ń jiyàn, ẹ lọ wo ohun tí Patricia Moore ṣe ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ronú bí ohun èlò yóò ṣe rí. Níbi ìpàdé kan lórí fìríìjì, ó béèrè bóyá ẹni tí oríkèé ń dùn lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣiṣẹ́ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1979, nígbà tó jẹ́ ẹni 26 ọdún, ó sọ ara rẹ̀ di arúgbó: ó wọ awò tó ń mú ojú ṣú, ó dí etí, ó di ẹsẹ̀ kí orúnkún má lè ká dáadáa. Títí di 1982 ló fi ń rìn bẹ́ẹ̀, ó dé ìlú tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Orí ọmọ 26 ọdún ló wà lọ́rùn rẹ̀ o. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn wúwo fún un, àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga fún un. Ẹ sọ fún mi, ọpọlọ ta ló ti dòkú níbẹ̀?

Masako Wakamiya ti Jàpáánù ńkọ́? Wọ́n bí i ní 1935, báńkì ló ti fẹ̀yìn tì, ìgbà tó tó nǹkan bí 60 ọdún ló tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó wá géèmù tí àgbà lè ta kó sì borí ọmọdé, kò rí i. Ó bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n ṣe é, wọn ò ṣe é. Ló bá lọ kọ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ó sì gbé géèmù Hinadan jáde ní 2017, lẹ́ni 81 ọdún. Ọmọláńgidi ọdún àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń tò síbẹ̀, oníkálukú sí àyè rẹ̀. Ẹ máà sọ fún mi pé àrà ọ̀tọ̀ ni obìnrin náà, torí kì í ṣe orí rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Géèmù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: kò sí pé à ń fi ìka wọ́ nǹkan kiri níbẹ̀, fífọwọ́kàn lásán ni, torí ó mọ̀ pé wíwọ́ ló máa ń bọ́ mọ́ àgbà lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ tí kò bá béèrè kò lè mọ ìyẹn láéláé.

Bíbéèrè yẹn ti di ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Ní Eindhoven, nílẹ̀ Nẹ́dálándì, wọ́n pe ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ní 1991. Gerontechnology ni wọ́n sọ ọ́: ẹnjiníà àti ẹni tó ń ṣèwádìí ọjọ́ ogbó máa jókòó sídìí tábìlì kan náà kí wọ́n tó kan ìṣó kan ṣoṣo.

Àánú nìkan kò sì lè rọ́pò ìbéèrè. Ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 90 ọdún fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú àwọn tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ké sí ìrànwọ́, tí wọ́n sì dá ṣubú, 80 nínú 100 ni kò tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan kò so ó mọ́ra, àwọn kan kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Àwọn tó ṣe é ló rò pé egungun nìkan ni àgbà ní, kò ní iyì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ètò báńkì, ẹ má tún pe ìyá mi wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àkókò dúró de ẹni tó ń wá awò ojú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan jáde, ẹ kó àgbà mẹ́wàá jókòó, ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì pa ẹnu mọ́.

Mo ti bá ìyá mi sọ ọ́. Ó ní òun á wá, àmọ́ kí wọ́n san owó mọ́tò, kí àga tí wọ́n máa gbé fún òun sì ní ẹ̀yìn.