Àwòrán Tí Kò Ní Ojú, Tí Kò Ní Imú

Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí a gbé ojú sókè wo ara ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti bá irú àwòrán kan pàdé rí, yálà ní báńkì tàbí ní ilé ọ̀gá ọkọ yín: àwòrán tí a kò rí ènìyàn, ẹranko tàbí igi kankan nínú rẹ̀, bí kò ṣe ìlà àti àwọ̀ tí ó ń wọ inú ara wọn. Ohun tí a sì sábà máa ń wí ni pé, "Kí ni wọ́n yà síbí yìí? Ọmọ mi tí ó wà ní jẹ́léósinmi lè ya èyí tí ó dára jù ú lọ." A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tí ẹ lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ṣé ẹ bi ìyá tí ó ń tà á pé àwòrán kí ni ó wà lára rẹ̀? Ẹ kò bi í. Ẹ tú aṣọ náà, ẹ wo bí aró ṣe mu ún sí, ẹ wò ó bóyá ọnà rẹ̀ há jù tàbí ó fọ́nká jù, ẹ gbé e sí ara, lẹ́yìn náà ni ẹ tó dá iye lé e. Ojú tí ẹ fi yan àdìrẹ yẹn gan-an ni a fi ń wo àwòrán tí mo ń sọ.

Ẹ mú Ìbàdàndùn wò. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà lára ọnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó fi ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ kò ya òrùlé gbọ̀ngàn náà, kò ya àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sì ya ẹnikẹ́ni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Òpó ni ó mú, ó tò wọ́n, ó fi ṣíbí sí àárín wọn. Ó yọ èyí tí ó wù ú nínú ohun tí ojú rí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ayàwòrán òde òní ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé àwọn mìíràn nínú wọn a máa yọ ọ́ títí yóò fi ku àwọ̀ àti ìlà nìkan.

Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni àwọn ti kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Filani, Tọ́lá Wewe, Bọ́lájí Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ọnà. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè láti ayébáyé, pẹ̀lú funfun, pupa àti dúdú. Òjò a máa fọ̀ ọ́, wọn a sì tún un kùn kí ọdún òrìṣà tó dé. Òkédìjí kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi erùpẹ̀ ilẹ̀ po ọ̀dà. Campbell ní tirẹ̀ kọ odidi ìwé kan lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọdún 2008. (Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin Kristẹni àti Mùsùlùmí: ènìyàn lè wo ọnà láìbọ òrìṣà.) Nítorí náà, nígbà tí a bá ń fi irú àwòrán yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, àwọn ìyá tiwa ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Báwo ni kí a ṣe wò ó? Ẹ kọ́kọ́ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ibo ni ojú yín kọ́kọ́ lọ? Ibo ni ó gbà dé ibòmíràn? Pupa a máa gbóná lójú, funfun a sì máa tutù. Èwo ni ó borí níbẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sún mọ́ ọn, kí ẹ wo ipa ọwọ́ ẹni tí ó yà á. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni kí ẹ kà kẹ́yìn. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára o! Ẹlòmíràn kàn da ọ̀dà sílẹ̀ ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo igun kan nínú rẹ̀ lójú ara yín. Bí kò bá sí ohun tí ó dín kù nínú àwòrán náà, iṣẹ́ náà kò tíì jinná.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa. Bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá gbé ìwé tí ó ya nǹkan sí wá, tí ìyá rẹ̀ sì jágbe mọ́ ọn pé, "Kí ni rádaràda yìí?", ó lè má gbé òmíràn wá mọ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ẹ má sì gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a tún un ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ gidi, Nike Art Gallery wà ní Lẹ́kí, ilé ọnà Yemisi Shyllon sì wà ní Pan-Atlantic University láti ọdún 2019. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó oúnjẹ ra àwòrán. Àbọ̀ ọ̀pá àdìrẹ tí a nà sórí férémù pákó tó fún pálọ̀ tọkọtaya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ kí àárín rẹ̀ ṣe déédéé ojú ẹni tí ó dúró, níbi tí oòrùn kò ti ní máa pa á, kí aró rẹ̀ má baà ṣá, tí èéfín ilé ìdáná kò sì ní dé. Ìyẹ́ gbígbẹ ni kí ẹ máa fi gbọn eruku ara rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ tútù kàn án.