Pàṣán Ọwọ́ Olùkọ́

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, a rí àwọn ọmọ tí wọn a ti fi ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá kí olùkọ́ tó béèrè ohunkóhun.

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1423, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì ń tú ìwé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ wò láti mọ bí a ti ń sọ ọmọ di ènìyàn pípé, Vittorino da Feltre dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Mantua. Ilé Ayọ̀ ni wọ́n pè é. Ọmọ ìjòyè àti ọmọ tálákà jọ ń kàwé níbẹ̀, tálákà kò sì sanwó. Ní 1529, Erasmus kọ̀wé tako lílu ọmọ. Ó ròyìn bí olùkọ́ kan ti nà án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, tí ìfẹ́ ìwé fi kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Adékúnlé Ajásin ará Ọ̀wọ̀, ẹni tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ni ó kọ àbá ètò náà. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè Ọ̀kà rí ọ̀nà wọlé. Kí ni ó bá nínú ilé?

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé pàṣán ni ó sọ àwa pàápàá di ènìyàn. A kò gbà. Àwọn baba wa ní, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi òsì fà á mọ́ra; ọwọ́ òsì yìí ni a kì í rí ní kíláàsì. Ọmọ tí ó ṣi ìṣirò ṣe kò hùwà ibi.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olùkọ́ tí ń bẹ̀ wá wò nìyí: bí kíláàsì wa bá ń pariwo díẹ̀ nítorí pé a kò mú pàṣán wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé máàkì wa.