Ẹni Tí Àìsàn Ń Ṣe Ni Kí Ó Sọ̀rọ̀

Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Swansea ti ń bi àwọn tí àrùn multiple sclerosis ń bá jà ní ilẹ̀ Britain léèrè bí wọ́n ti ń rìn àti bí ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Àrùn yìí, tí í ba iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, kò ì tíì ní oògùn tí í wò ó tán. Ó dùn wá pé ènìyàn dúdú kò tó nǹkan nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé a óò fi wọ́n dán oògùn wò. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni èyí, kì í ṣe abẹ́rẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè yọwọ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún tí àrùn yìí ń ṣe, ẹ gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n dáhùn. Dókítà lè wo fọ́tò ọpọlọ títí, kò lè rí àárẹ̀ àfi bí aláìsàn bá sọ ọ́.