Ọ̀nà Òkèèrè àti Ìwé Ẹ̀rí Ìbí

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Òwe yìí bá ọ̀ràn kan mu tí ó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú lónìí, láti Ajah títí dé Eleko àti Ẹ̀pẹ́, èyíinì ni ọ̀ràn ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn tí ó fẹ́ lọ gbé ní òkèèrè. Ẹni tí ó fẹ́ lọ kàwé, tàbí lọ ṣiṣẹ́, tàbí lọ bá ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ gbé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni pé: Nígbà wo ni a bí ọ? Níbo ni a bí ọ sí? Ta ni bàbá rẹ, ta ni ìyá rẹ? Ta sì ni ó jẹ́rìí sí i? Ìbéèrè wọ̀nyí rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti fi ìwé tí àjèjì yóò gbà gbọ́ dáhùn wọn, ó ń gba àwọn ènìyàn wa ní àkókò gígùn, ó sì ń ná wọn ní owó púpọ̀. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ní Àbújá ni ìyọnu náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ní ọ́fíìsì àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tí a bí ọmọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n títí ọ̀ràn fi dé bá wọn. Lábẹ́ Òfin 69 ti ọdún 1992, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ń kọ ìbí ọmọ tuntun sílẹ̀, tí ó sì ń fún òbí ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹni tí a bí kí òfin náà tó dé, tí a kò sì kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni àjọ kan náà ń fún un. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti ilé-ẹjọ́ sì ni a sábà fi ń ti ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ tí ó ń lọ bá béèrè pé kí ìjọba wa fọwọ́ sí ìwé náà, yóò lọ sí Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀ràn Ilẹ̀ Òkèèrè kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Láti ibẹ̀ ni yóò ti di ọ̀dọ̀ aṣojú ilẹ̀ náà, kí òun pẹ̀lú lè fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kan ilẹ̀kùn mẹ́rin kí ó tó bọ́.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí òǹtẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀ràn Òkèèrè túmọ̀ sí. Kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti wádìí, tí ó sì rí i pé lóòótọ́ ni a bí ẹni náà ní ọjọ́ tí ìwé wí. Ohun tí ó ń jẹ́rìí sí ni pé ọwọ́ ìkọ̀wé àti èdìdì tí ó wà lórí ìwé náà jẹ́ ti akọ̀wé tí ìjọba mọ̀. Àbújá kò sí ní Eleko nígbà tí a ń bí ọmọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ìyá àti agbẹ̀bí, ẹni tí ó sì yẹ kí ó tẹ̀ lé wọn láìpẹ́ ni akọ̀wé tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rí àwọn wọ̀nyí bá dúró, òǹtẹ̀ ń gbé e ró. Bí kò bá sí ẹ̀rí kankan nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ mẹ́wàá kò lè dá ọ̀kan sílẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kì í ṣe àná ni a ti ń ṣe òfin lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1863, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni wọ́n ti ṣe òfin àkọ́kọ́ nípa kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní ìlú náà. Òfin mìíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 1917. Ìjọba ológun ṣe tirẹ̀ ní 1979, kí ti 1992 tó dé. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni òfin wà. Kò tètè dé etí òkun. Ní Eleko àti ní àwọn abúlé apẹja tí ó yí i ká, orí àwọn àgbà ni ìwé ìrántí. Ẹni kan a ní ọdún lùkúlùkú, èyíinì ni 1918, ni a bí bàbá òun. Ẹlòmíràn a ní òun ti ń rìn nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956. Òmíràn a ní ọdún òmìnira ni a bí òun. Ẹ̀rí tí ó tó fún ará ilé ni. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba Kánádà kò mọ ọdún lùkúlùkú.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ojú ìwé yìí mọ apá kan nínú ìtàn náà ju ẹlòmíràn lọ. Ní 17 Oṣù Kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955. Ẹ̀pẹ́ àti àgbègbè Eleko wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Àwọn ọmọ tí ó tú jáde pọ̀ ju iye tí ìjọba ń retí lọ fíìfíì, nítorí kò sí ìwé kankan tí a lè fi ka àwọn tí a ti bí. Ìwọ̀nba nínú wọn ni ó sì ní ìwé ìbí. A ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá lórí àtàrí kí ó fi kan etí rẹ̀ lódìkejì. Bí ọwọ́ bá kan etí, a gbà pé ó ti tó ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ a sì fi ọjọ́ ìbí kan sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. A kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi: bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ì bá pa dà sílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fojú bù yìí wọ ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, ó ti ibẹ̀ wọ ìwé iṣẹ́, ó sì wọ ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹni náà wá lọ búra ní kóòtù, ọjọ́ mìíràn ni ó sọ. Ènìyàn kan ṣoṣo wá di ẹni tí a bí lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ibi tí a bí ènìyàn sí. Ẹni tí a bí ní Eleko ní 1960, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni a bí i sí, nítorí 27 Oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìwé àtijọ́ wí èyí, ti ìsinsìnyí wí èyíinì. Àjèjì tí kò mọ ìtàn wa a sì rò pé irọ́ wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan ni, à bá ní ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí lánàá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 57 ni a ti kọ ìbí wọn sílẹ̀. Bákan náà, ọwọ́ méjì ni òfin fún ní iṣẹ́ kan náà. Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin, ka kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé kan náà, nínú Àfikún Kẹta, fún Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní agbára láti dá ètò kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ni a fi ń rí ìwé ìbí ti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àjọ náà. Òbí tí kò mọ ìyàtọ̀ gba èyí tí ó sún mọ́ ọn, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí fún ogún ọdún, ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ rìnrìn àjò ni wọ́n sì tó sọ fún un pé ti àjọ ni wọ́n ń béèrè. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Àwọn àjèjì náà ti mọ àìlera yìí. Ẹ wo Jámánì. Àwọn aṣojú rẹ̀ ní Nàìjíríà ti jáwọ́ nínú fífi òǹtẹ̀ lu àwọn ìwé wa, nítorí wọ́n ní àwọn kò lè gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Bí ọ́fíìsì kan ní Jámánì bá fẹ́ mọ òtítọ́ ìwé ìbí ọmọ Nàìjíríà, agbẹjọ́rò tí wọ́n fọkàn tán ni wọ́n ń rán lọ wádìí níbi tí ìwé ti jáde àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ ẹni náà; ó sì ń pẹ́ kí èsì tó dé. Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tu ẹni tí aya rẹ̀ ń dúró dè é nínú.

Níbi tí ọ̀nà òtítọ́ bá ti gùn, ọ̀nà ẹ̀bùrú a máa pọ̀. Àwọn alárinà wà tí ó ń sọ pé àwọn lè gba ìwé àti òǹtẹ̀ fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó kúrò nílé. Òmíràn nínú wọn ń gba owó ẹsẹ̀ lásán. Òmíràn ń gbẹ́ èdìdì nínú yàrá ara rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ẹni tí a bá rí i pé ó fi ẹ̀tàn wá àṣẹ ìwọ̀lú, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. Ní Amẹ́ríkà, òfin lè tì í mọ́ ọn títí láé.

Àwọn kan ní oògùn rẹ̀ ni pé kí Nàìjíríà wọ Àdéhùn Hague ti 5 Oṣù Kẹwàá ọdún 1961. Lábẹ́ àdéhùn yìí, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí a ń pè ní apostille, láti ọwọ́ ìjọba ilẹ̀ tí ìwé ti wá, ti tó. A kò tún ní kan ilẹ̀kùn aṣojú. Ilẹ̀ tí ó ju 120 lọ ni ó wà níbẹ̀. Nínú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Làìbéríà àti Cape Verde ti wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà àti ní Ṣáínà ní 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní 2024. Nàìjíríà kò tíì sí nínú wọn, a sì fẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Abala Kejìlá àdéhùn náà gba àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ láyè láti kọ ẹni tuntun. Ohun tí Jámánì sì ṣe nìyẹn nígbà tí India wọlé. Ẹni tí kò gba ìwé wa gbọ́ lónìí lè kọ apostille wa lọ́la.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé: èwo ni ti ìjọba nínú mímú ọ̀nà rọrùn fún àwọn tí ń fi ilẹ̀ wa sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa ni ó ń lọ? Ìbéèrè gidi ni, ọ̀ràn owó oṣù àti ìlò òṣìṣẹ́ ni yóò sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwé ìbí ṣe ẹ̀wọ̀n so ènìyàn mọ́lẹ̀, nítorí kì í ṣe alárìnàjò nìkan ni ó wúlò fún. Òun ni ọmọ fi ń wọ ilé-ìwé, òun ni a fi ń tún ọjọ́ orí ṣe nínú ìwé ìdánimọ̀, àìsí rẹ̀ sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà owó ìfẹ̀yìntì. Òun sì ni ìjọba fi ń mọ iye ọmọ tí ó ń bọ̀. Àgbègbè Eleko kì í ṣe ti apẹja nìkan mọ́. A ṣí Èbúté ńlá Lẹ́kí ní 2023, ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, àwọn ènìyàn sì ń ti ibi gbogbo wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ìjọba tí kò mọ iye ọmọ tí a bí níbẹ̀ lọ́dún yìí, báwo ni yóò ṣe mọ iye ilé-ìwé tí yóò kọ́ ní ọdún mẹ́fà sí i? Ohun tí ojú wa rí ní 1955 ni yóò tún rí.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí akọ̀wé ìbí wà níbi tí a ti ń bímọ: ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Akódò, ní àwọn ilé ìtọ́jú aláboyún, àti lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Ní 8 Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò tuntun tí a ó fi máa kọ ìbí sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. A yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ yóò hàn ní ọjọ́ tí agbẹ̀bí ní abúlé bá mọ ẹni tí yóò pè. Èkejì, kí Ìjọba Àpapọ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, kí wọ́n sọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ méjì di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí ará ìlú lè parí ìjẹ́rìí àti òǹtẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kí a sì kọ iye owó rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí a bá ti tún ilé ṣe báyìí, kí Nàìjíríà wọ Àdéhùn Hague pẹ̀lú ìgboyà.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín kéré, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀. Òfin 1992 fún yín ní 60 ọjọ́ láti kọ ìbí ọmọ sílẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, bàbá àgbà a fún un ní tirẹ̀, ìyá àgbà a sì fún un ní tirẹ̀. Kí ẹ jókòó kí ẹ mú èyí tí yóò wọ ìwé, kí ẹ kọ ọ́ bákan náà nínú gbogbo ìwé láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹ sì gba ìwé ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn kí ó tó di ọjọ́ ọgọ́ta. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fojú bu ọjọ́ ìbí fún ọmọ kankan mọ́. Ẹ gba ọmọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ rán òbí rẹ̀ lọ gba ìwé, kí ẹ sì bi í léèrè títí yóò fi mú un wá. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.