Níbo Ni Wọ́n Ti Ya Fíìmù Yìí?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sinimá kì í tán lẹ́nu mi. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni pé a máa ń wo fíìmù láìbéèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti yà á, bí ẹni tó jẹ iyán tó kúná tí kò béèrè oko tí iṣu ti wá. Ẹ wo October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2014. Akote ni wọ́n pe ìlú inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa l'Ádó-Èkìtì sì wò ó bí ibi tó jìnnà. Ìlárá-Mọ̀kín mà ni wọ́n ti yà á o! Ká gba Ìkẹ́rẹ́ jáde, ká kọjá Àkúrẹ́, a ti débẹ̀. Ìrìn àjò tí mo ń fẹ́ nìyẹn: kí n dúró níbi tí ọlọ́pàá tí Sadiq Daba ṣe ti ń wá apànìyàn kiri, kí n wá forí lé Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Hubert Ògúńdé, baba tó ṣe Aiyé lọ́dún 1979, kọ́ abúlé sinimá rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ti ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀: títí dòní, àlejò ń rọ́ lọ sí Salzburg ní Ọ́stríà nítorí fíìmù The Sound of Music ti ọdún 1965 tí wọ́n yà níbẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ọba àti káńsù wa ri pátákó síbi tí wọ́n bá ti ya fíìmù, kí orúkọ àti ọdún rẹ̀ hàn gbangba. Bí wọ́n bá sì wá ya ọ̀kan ní Ìkógòsì tàbí lẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta ní Èkìtì wa níbí, kí wọ́n dárúkọ ìlú wa sí i.