Ọ̀rọ̀ Ilé àti Ọmọ: Gìtá tí Kì í Dúró lórí Ohùn

Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, bi wá léèrè bí ó bá yẹ kí òun ta gìtá oníná tí òun fi owó àjọ rà fún ọmọ òun. Nítorí pé gìtá náà kì í dúró lórí ohùn, ọmọ náà sì ti di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí a tó sọ èsì tí a fún un, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ pé àwa fúnra wa wà nínú àwọn tí ó ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́.

Lí ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, ọmọ náà ti mú ohùn gìtá rẹ̀ bá ti dùùrù mu kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ orin kejì tán, dùùrù ń lọ sí ìhín, gìtá ń lọ sí ọ̀hún, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìsìn parí, a bá a wí lí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé aláìmúra ni, a sì ní kí ó lọ jókòó pẹ̀lú ìjọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ta. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá, mo ti tò ó.” A kò gbọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí a tó dá a. Fún oṣù méjì, ọmọ náà kò fi ọwọ́ kan gìtá mọ́.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tọ̀ wá wá, a mú arákùnrin kan tí ó ti fi gìtá ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ lọ sí ilé wọn. Kò lò ju wákàtí kan lọ tí ó fi fi hàn wá pé gìtá li ó jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ. Ohun tí a rí kọ́ lí ọwọ́ rẹ̀ li a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún 1949, tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná sí gìtá nínú orin jùjú, ohun-èlò yìí ti di ti ilé, ó sì ti di ti ìjọ pẹ̀lú.

Èkíní, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru iná. Abẹ́ okùn gìtá li òòfà tí a fi wáyà bàbà wé gbé wà. Bí okùn irin bá gbọ̀n, a sọ ìgbọ̀n rẹ̀ di agbára iná nínú wáyà náà, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ohun tí okùn bá wí li ẹ̀rọ ń tún wí. Bí okùn bá purọ́, ẹ̀rọ yóò pariwo irọ́ náà.

Èkejì, ẹ wo okùn 6 náà. Èyí tí ó ti dípẹtà, tí òógùn ọwọ́ ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn titun pẹ̀lú a máa fà, gẹ́gẹ́ bí okùn ìsáṣọ titun ti í dẹ̀. Ẹ fi ìka gbé e sókè jẹ́jẹ́ kúrò lára ọrùn gìtá, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ sì tún un gbé, títí kì yóò fi lọ sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bí a ti wé e mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fà á. Bí kò bá yí i ká tó, yóò máa yọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, tí ọ̀kan gun orí èkejì, yóò máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó fún okùn tí ó nípọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin fún tín-ín-rín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń mì, ẹ rọra fún síkúrù rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí okùn bá ga ju ohùn lọ, ẹ rọ̀ ọ́ kọjá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tún fà á gòkè wá bá ohùn. Àyè díẹ̀ wà láàrín eyín kọ́kọ́rọ́; bí a bá parí sí ìrọ̀sílẹ̀, okùn yóò gba àyè náà, ohùn yóò sì lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ibí yìí gan-an li àrùn gìtá ọmọ wa gbé wà. Níbi tí orí gìtá pàdé ọrùn, egungun tàbí ike kékeré kan wà tí a la ojú 6 sí fún okùn. Bí ojú náà bá há, okùn a lẹ̀ mọ́ ọn, bí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́, a ó gbọ́ “tín!”, ohùn a sì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Arákùnrin yìí rọ okùn sílẹ̀, ó fi ẹnu pẹ́ńsùlù ha inú ojú náà, nítorí pé ẹ̀tù dúdú rẹ̀ a máa yọ̀, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀ láìsí ìdíwọ́. Bí ojú náà bá há ju èyí lọ, kí ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́; a kì í dá ohun tí a ti fi ayùn fá padà.

Ẹ̀kẹfà, bí okùn lásán bá dún dáradára, tí ó sì ṣì nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ ní irin kejìlá, ìjókòó rẹ̀ ní ikùn gìtá li ó yẹ̀. Bí ohùn bá ga jù níbẹ̀, ẹ sún un sẹ́yìn kí okùn lè gùn. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú.

Ní ìparí, ẹ ranti ojú ọjọ́. Igi a máa wú nínú òjò, a sì máa fún nínú ọyẹ́. Àwọn onílù wa mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n fi ń yá awọ wọn sí oòrùn tàbí iná kí wọ́n tó jáde. Ẹ má ṣe fi gìtá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ nínú ilé ìsìn kí ẹ tó tò ó.

A sọ fún ìyá náà pé kí ó má ṣe tà á. Pẹ́ńsùlù kan àti okùn titun li ó ná an. Lí ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a dìde níwájú ẹgbẹ́ akọrin kan náà tí a ti bú ọmọ náà, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì wí nǹkan kan; oṣù kan kọjá kí ó tó tún bá wa rẹ́rìn-ín. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bi àwọn ará Kọ́ríńtì (1 Kọ́r. 14: 7) léèrè bí a ó ti ṣe mọ ohun tí dùrù ń wí bí ohùn rẹ̀ kò bá yàtọ̀ síra. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ yẹ okùn wò kí ẹ tó yẹ ọmọ wò. Gìtá tí ó yẹ̀ lí ohùn, a lè tò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkàn ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀.